Àáró Kọ̀ǹpútà ní Mànígìrì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bàsílà lẹ́yìn ẹnubodè níbí, orúnkún mi méjèèjì ló kanlẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Mo kí Bàbá mi, mo mọ̀ pé wọ́n á ti gbé àga wọn síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ yọ, wọ́n á ti da aṣọ bora. Mo kí Bọ̀dá Láyí, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìlà kankan o, pàápàá àwọn ibi tí orúkọ yín bá ti jáde.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ni pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè tí ẹ bi mí. Àwọn ọmọ Ṣakí mìíràn tó tẹ̀dó sí ìhà ibí yìí sọ fún mi pé ìyá tiwọn náà ń bi wọ́n.

Nígbà tí ẹ pè mí lórí fóònù ní ìparí òjò, ẹ ní Bọ̀dá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí wọ́n á ti máa tẹ̀wé fún èèyàn, pé àga kan wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí, pé kí n máa bọ̀ wálé. Ẹ wá bi mí pé kí ni mo tilẹ̀ ní níbí. Ẹ ní ṣé mo ní ilẹ̀ ni, àbí mo ní oko, pé ẹni tí kò ní oko ní ìlú kan, èrò ọ̀nà ni níbẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Èsì ìbéèrè yín ni mo ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra dé ibẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Ara mi le. Ètè mi nìkan ni ọyẹ́ ń là, òrí tí wọ́n ń pò níbí ni mo sì ń fi pa á. Yàrá mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́bàá títì, eruku sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Mo ń nu kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ọjọ́ tí iná bá wà, mo máa ń ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn á fi máa ro mí. Mo ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà, mo ń gé fọ́tò, mo ń tún kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ṣe. Mò ń jẹ, mò ń yó, mo sì ń rí díẹ̀ fi ránṣẹ́ sílé bí ẹ ṣe mọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún lọ́dún àkọ́kọ́. Ìlú àwọn Anií ni Bàsílà, èdè wọn ò jọ tiwa rárá, Faransé tèmi nígbà yẹn ò sì ju kí n kí èèyàn kí n sì tọrọ gáfárà. Ìyá onílé mi a máa gbé oúnjẹ wá fún mi, a ó jọ rẹ́rìn-ín síra wa, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni mo máa ń retí, torí pé ọjọ́ náà ni àwọn ará Mànígìrì ń wá. Yorùbá ni wọ́n, Nàgó ni wọ́n ń pe ara wọn, àgbẹ̀ oníṣu àti oníkaṣú. Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn náà ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú rédíò. Bí mo bá ti kí wọn tán, wọ́n á ní ìròyìn ti parí o, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti fi mí rẹ́rìn-ín báyẹn, ara mi á fúyẹ́ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Ètò kan wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀. Sísítẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é níbí. Ìyá, ẹ fi wé ìyálé nínú ilé. Òun ló mọ ibi tí ṣíbí wà, òun ló mọ ẹni tí yóò gbálẹ̀ àti ẹni tí yóò dáná; bí kò bá sí nílé, gbogbo ilé á kàn jókòó ni. Àwọn tó ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò wá kéde pé tuntun ti dé. Wọ́n ní àwọn ò ní máa tọ́jú ti àtijọ́ mọ́, kí oníkálukú tètè pààrọ̀ tirẹ̀, torí pé ẹni tí kò bá pààrọ̀, bí olè bá gba fèrèsé wọlé tì í, kó má wí fún àwọn.

Háà! Ariwo sọ ní Bàsílà. Olùkọ́ kan wọlé tì mí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá, ó ní wọ́n ti jí nǹkan òun. Bọ́tìnnì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ti máa ń wà ní igun apá òsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ló ti ṣí kúrò níbẹ̀ tó lọ jókòó sáàárín. Olùkọ́ ní ọwọ́ òun mọ igun yẹn bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Nọ́ọ̀sì kan ní tuntun dára ní tòun, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ tu òun lójú. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ní ọgbọ́n kí a lè ra ẹ̀rọ tuntun ni gbogbo rẹ̀, pé òun ò ní pààrọ̀ nǹkan kan, kí olè máa bọ̀. Ẹ sáà wò ó bí ilé tí ìyàwó tuntun wọ̀, tó kó gbogbo ìkòkò kúrò níbi tí ìyálé tò wọ́n sí, tí oníkálukú wá ń wá ṣíbí. Mo rẹ́rìn-ín títí, inú mi sì dùn, torí iṣẹ́ dé.

Mo kọ pátákó, mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù: a ń pààrọ̀ sísítẹ́ẹ̀mù, iye tí a ń gbà nìyí. Àwọn ará Bàsílà wá. Ará Mànígìrì kankan ò yà. Ọjọ́ ọjà kan kọjá, èkejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á wo pátákó, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Kò tún sẹ́ni tó sọ pé ìròyìn ti parí. Inú bí mi, Ìyá. Ẹ mọ̀ mí, bí nǹkan bá dùn mí, ojú mi kì í lè gbé e pamọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo gun sẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà ibí yìí, mo forí lé Mànígìrì, ọ̀dọ̀ Mẹ́tìrì Sálíù.

Olùkọ́, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tìrì níbí, ni Mẹ́tìrì Sálíù tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, oko kaṣú ni wọ́n ń dá báyìí, àwọn sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ oníkaṣú ìlú náà. Bóyá ni ẹnì kan wà tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Mànígìrì tí kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán, wọ́n wá ní pátákó ló fà á. Wọ́n ní nígbà tí kọ̀ǹpútà ẹnì kan bá bàjẹ́, olúwa rẹ̀ á gbé e wá bá mi, á sanwó, torí pé òun nìkan ni ọ̀ràn dé bá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dé bá gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, bí òjò àkọ́rọ̀, àwọn kì í pe alágbàṣe sí i ní Mànígìrì. Àáró ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ní gbogbo wọn ti ń retí pé n ó wá sọ pé ọjọ́ wo ni ká bẹ̀rẹ̀, àfi bí mo ṣe gbé pátákó síta. Ojú tì mí.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi bí Bàbá àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń ṣe àáró nígbà tí ẹ jẹ́ ìyàwó tuntun, tí wọ́n á kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, tí wọ́n á kọ ti ẹlòmíràn lọ́la. N kò mọ̀ pé a lè fi irú rẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún Mẹ́tìrì pé iṣẹ́ ẹnì kan ni, pé bí mo bá ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, á máa ṣe ara rẹ̀ lọ ni. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí àáró tí ẹnì kan ń dá ṣe, kí n sáà mú ọjọ́.

Ilé Ìyá Awáwù la ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Awáwù ló ń po òrí tí mo ń fi pa ètè. Ọmọ wọn ní Kútọnú fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo bá èèyàn mẹ́rìndínlógún lábẹ́ igi máńgòrò, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lórí tábìlì láàárín wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bùráímọ̀ tilẹ̀ gbé ọkọ́ wá. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ọkọ́ ṣe, ó ní òun ò lọ sí àáró láìgbé ọkọ́ rí, pé bí ọkọ́ ò bá sí léjìká òun, ẹsẹ̀ òun ò ní mọ ọ̀nà.

Mo ti gba sísítẹ́ẹ̀mù náà sínú fíláàṣì kékeré kan ní Bàsílà. Mo kọ́kọ́ kó gbogbo fọ́tò Ìyá Awáwù pamọ́, mo wá tẹ̀ ẹ́ pé kó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà jáde sójú rẹ̀, ó ní òun ti ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó ní òun ti ṣe méjì. Wọ́n bi mí pé kí nìyẹn, mo ní bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí ló ń sọ. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti mú un bí ẹni tó ń kọ ebè. Bó bá pé mẹ́wàá, gbogbo wọn á kí i kú iṣẹ́. Bó bá dúró pẹ́ lójú kan, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kí wọ́n wo ẹ̀rọ iná bóyá epo rẹ̀ ti ń tán. Bùráímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a díje. Ó ní kó tó pé ọgọ́rùn-ún, òun ti kọ ogún ebè. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó sì kọ ọ́ lóòótọ́, Ìyá Awáwù ló jèrè. Àwọn obìnrin ń ṣa èso òrí, àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ ọ̀pá tí iṣu á fà sí. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, ariwo tó sọ, ẹ ó rò pé a bímọ ni. A wá jẹ iyán. Èmi tí mo rò pé iṣẹ́ ẹnì kan ni, mo jẹ iyán èèyàn méjì.

Bí a ṣe ń lọ láti ilé dé ilé nìyẹn, ọjọ́ kan fún ilé kan. Nígbà tó fi máa di ilé kẹta, Ìyá Awáwù ti ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, èmi kàn jókòó ni. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tó ṣí kúrò ní igun tí wọ́n fẹ́ẹ̀ tìtorí rẹ̀ jà ní Bàsílà, àwọn àgbà Mànígìrì ní ohun tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ ni. Wọ́n ní ta ló ń jókòó àgbà sí igun? Ohun tó dun Ìyá Awáwù nìkan ni pé tuntun ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ṣáá kó tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹrù ẹni máa bini léèrè orúkọ.

Kọ̀ǹpútà Mẹ́tìrì Sálíù la fi parí, torí pé ẹni tó pe àáró ló ń gbẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ ìdajì ìlú ni. Mo fi fíláàṣì sí i, ó wò ó títí, ó ní òun ò gba sísítẹ́ẹ̀mù tuntun, pé ara òun ti gbó jù. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú, kọ̀ǹpútà náà ti fẹ̀yìn tì bíi tiwọn ni. Àánú wọn ṣe mí dé egungun. Bùráímọ̀ dá sí i. Ó ní àwọn ò fo oko ẹnì kankan rí nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ le.

Mo rántí nígbà náà pé sísítẹ́ẹ̀mù mìíràn wà, ọ̀fẹ́ ni, àwọn èèyàn kan káàkiri ayé ló ń ṣe é. Eléyìí á tún ibí ṣe lónìí, tọ̀hún á tún ibòmíì ṣe lọ́la, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹnì kejì. Kì í sì í kọ ẹ̀rọ tó gbó. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọ̀la. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀, Mẹ́tìrì dá mi dúró, wọ́n ní ṣé àáró làwọn yẹn náà ń ṣe ni. Mo ní ó jọ ọ́. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n jọ ń jẹun bí iṣẹ́ bá parí. Mo ní ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ara wọn rí. Wọ́n ní a jẹ́ pé kì í ṣe àáró gan-an, àbúrò àáró ni. Ọjọ́ kejì a fi sí i, ó sì gbà á. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà Mẹ́tìrì ló ń tètè ṣí jù ní Mànígìrì, ìyangàn wọn ò sì jẹ́ ká gbádùn mọ́.

Ó wá kan èmi. Wọ́n ní kí ni kí àwọn wá bá mi ṣe. Mo ní kò sí, pé kọ̀ǹpútà tèmi ti dára. Wọ́n ní ẹni tó ṣe àáró fún gbogbo èèyàn tí kò jẹ́ kí wọ́n san án, ó fẹ́ kí ojú máa ti àwọn nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Mo ní ìyá mi ní kí n máa bọ̀ wálé, pé ó lè jẹ́ pé kó tó di ìgbà kaṣú, n ó ti lọ. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri nínú mi jálẹ̀ gbogbo iyán tí mo jẹ níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó bínú. Ìyá Awáwù kàn bi mí pé báwo ni ìyá mi ṣe ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mẹ́tìrì ránṣẹ́ pè mí pé kọ̀ǹpútà kan kọ̀, kí n tètè máa bọ̀. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo gun sẹ́mì. Dípò ilé, oko ni wọ́n mú mi lọ, lẹ́yìn igi kaṣú Mẹ́tìrì. Gbogbo èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, tọkọ́tọkọ́. Ebè ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ní Mẹ́tìrì ló fún mi ní ilẹ̀ náà láti máa dá, pé oníkálukú wọn ló mú eébù làbókò, iṣu tí wọ́n fi ń gúnyán níbí, wá láti inú àká tirẹ̀, pé àáró tèmi nìyí, kí n má ṣe jiyàn. Mo dúró pẹ̀lú irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú mi. Wọ́n ní kí n má fi omi ṣòfò.

Igba ebè ni. Wọ́n fi ti ìkẹyìn sílẹ̀ fún mi, Bùráímọ̀ sì gbé ọkọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ìyá, ebè tí mo kọ náà wọ́, ó dà bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi tún un kọ, wọ́n kọ̀, wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé oko mi ni. A fi eébù sí gbogbo rẹ̀, a fi ewé gbígbẹ bò wọ́n lórí kí oòrùn má bàa jó wọn.

Ẹ bi mí pé kí ni mo ní níbí. Mo ní igba ebè, Ìyá mi. Ọ̀kan wọ́ nínú wọn.

Bọ̀dá Láyí, ẹ má bínú, ẹ fi ẹlòmíràn sí orí àga yẹn. Àbúrò wa Ṣadé mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ, ìfẹ́ tí ẹ ní sí mi ló ń jẹ́ kí ẹ gbé tèmi gẹ̀gẹ̀. Bàbá mi, bí ẹ̀yin àti Ìyá bá ní kí n wálé, n ó wálé, ọmọ yín ni mí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni yín, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eébù sílẹ̀ kì í kó ẹrù. Mo fi òrí Ìyá Awáwù ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ máa fi pa ẹsẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà, ẹ bá mi kí ará iwájú ilé àti ará ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ọyẹ́ ò ní mú yín ju bó ṣe yẹ lọ, ojú yín á rí èrè wa. Ìyá mi, nígbà tí làbókò bá gbó, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó wá kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án níbí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Awáwù. Wọ́n ní yàrá ti wà, àwọn á gbá a. Wọ́n ní kí n kí yín, kí n sì sọ fún yín pé kí ẹ máa bọ̀ wálé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjíkẹ́.